Sanra àti Rù: Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Mi

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn tàbí ìtumọ̀ orúkọ ni ẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ohun tí mo kọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni ó bí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń fà sẹ́yìn láti kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, ni ó fún mi láṣẹ. Ó ní, "Kọ ọ́. Ẹni tí ó bá kà á lè ronú díẹ̀ kí ó tó kí ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe kí mi."

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2004. Nígbà tí ó ń lọ, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Bí ìjì bá ń jà, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ó yára di ògiri mú. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìyá wa ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí a ti fojú kàn án kẹ́yìn. Ó ti sanra gidigidi. Gbogbo àdúgbò tú jáde.

"Háà, ẹ ti sanra o! Ìlú òyìnbó mà gbà yín!"

"Ẹ wo ara bí ó ti ń dán! Owó ń bẹ níbẹ̀!"

Ìyá wa ń fi ọwọ́ pa á lápá, ó ń pè é ní Àṣàkẹ́, inú rẹ̀ ń dùn pé ebi kò pa ọmọ òun ní àjò. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè náà kò gbẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara yín ti sàn gan-an o." Ó rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́rin ti pè é sí kọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń wá owó ilé-ìwé ọmọ, òmíràn ń wá owó páànù tí yóò fi bo ilé. Ara rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ìyá wa ti sùn, àwa méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí iná. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí nítorí orúnkún tí ó ń dùn ún. Ó sọ fún mi pé láti ọdún 2019 ni dókítà ti sọ fún òun pé òun ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n òun kò tíì jẹ́ kí ìyá wa gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá wí pé, "Àbúrò mi, gbogbo wọn rò pé owó ni mo jẹ tí mo fi rí báyìí. Bí mo bá lówó ni, n kò ní í rí báyìí."

N kò mọ èsì tí n ó fọ̀. Etí mi gbọ́ gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n èdè tí a fi tọ́ mi dàgbà kò jẹ́ kí ó tètè yé mi. Ní èdè wa, ẹni tí ó rí jẹ ni í sanra. Báwo ni àìlówó ṣe wá ń mú ènìyàn sanra?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lójú tèmi, bí a bá tú "sanra" palẹ̀, "sàn" àti "ara" ni a óò bá nínú rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí "sàn" ti di ohùn àárín nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí "rà" ṣe ń di "ra" nínú "ó ra aṣọ". Lẹ́yìn náà ni a pa fáwẹ̀lì kan jẹ. "Sàn" yìí kan náà ni a ń lò nígbà tí àìsàn bá fi ènìyàn sílẹ̀ tí ó ní, "Ara mi ti sàn." Nítorí náà, bí a bá ní ẹnì kan sanra, láti ìpìlẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni a ń sọ: ara náà dára, kò sí àìsàn, kò sí ìyàn.

Òdìkejì rẹ̀ ni "rù". Bí a bá ní "ó rù", ìbéèrè ni ó máa ń tẹ̀ lé e: "Kí ló dé? Ṣé kò sí o?" Ẹ sì kíyè sí i pé ìró kan náà ni "rù" yìí ní pẹ̀lú "rù" tí ó jẹ́ pé a gbé nǹkan lérí. N kò sọ pé ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ìró ọ̀rọ̀ lè jọra láìjẹ́ ìbátan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ẹni tí ó ń ru ẹrù lójoojúmọ́ títí ó fi rù kò ní í bá mi jiyàn pé ayé ti so àwọn méjèèjì pọ̀, bí èdè kò tilẹ̀ so wọ́n pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ya àwòrán ìtumọ̀ wọn náà wà. Ọmọ ọwọ́ tí ó kún dáadáa, a ní ó rí rọ́bọ́tọ́, ohùn òkè ni. Àgbàlagbà tí ó tóbi, a ní ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Bí ohùn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ara ń tóbi sí i. Ìyìn ni ti ọmọ. Ti àgbàlagbà, ó di ọwọ́ ẹni tí ó ń sọ ọ́ àti ẹni tí a ń sọ ọ́ sí.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ni èdè náà jẹ́ òpè. Wọ́n mọ oṣù tí iṣu ògbólógbòó ti tán nínú abà tí iṣu tuntun kò sì tíì tó í wà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ẹran lára ni ó ní ohun tí ara yóò máa jẹ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé náà, lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, mo rí àwọn olùkọ́ wa tí kọ́là ẹ̀wù wọn ń fẹ̀ sí i lọ́rùn wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù kọ́ ni ó ń tóbi. Nígbà tí ó sì di ìgbà tí àrùn Éèdì gbòde, ẹni tí ó bá rù ti di ẹni tí a ń fi ojú burúkú wò. Ẹ̀rù rírù kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú ti rí.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, òtítọ́ náà kò tíì yí padà. Ẹ bá mi dé ọjà Bódìjà. Obìnrin alábàárù kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rí. Ó ń gbé àpò ìrẹsì, ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti ìdí ọkọ̀ dé ìsọ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹran kan tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ẹ wá bá mi dé ọjà aṣọ ní Gbági, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tí ó ń ta léèsì. Ọkọ̀ ni ó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Ó jókòó láti aago mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó ń na aṣọ, tí ó ń ká aṣọ. Ìrẹsì àti ẹran díndín ń wọlé, ẹlẹ́rìndòdò tútù ń tẹ̀ lé e. Orúkọ tí gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí ni Ìyá Olówó, kò sì sí ẹni tí ó rí i tí yóò jiyàn.

Ṣé oníwọ̀ra ni ìyá aláṣọ yìí, tí alábàárù sì jẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì? Rárá o. Bí àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ àyè fún ọdún márùn-ún, n ó fẹ́ mọ ara ẹni tí yóò sanra nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní ìṣirò tí wọ́n fi ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà, ni ó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí ní ọdún 1972. Wọn yóò mú ìwọ̀n ara ní kílógíráàmù, wọn yóò fi gíga ènìyàn ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí èsì bá tó 25, ẹni náà wúwo ju bí ó ti yẹ. Bí ó bá tó 30, ó sanra kọjá ààlà. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60 yóò kọjá ààlà náà bí ó bá wọ̀n tó kílò 77. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022 dín ààlà náà kù sí 27.5 fún àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, nítorí pé àtọ̀gbẹ a máa tètè mú wa kí a tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yìí ní àléébù tirẹ̀, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá àti iṣan, ṣùgbọ́n ó wúlò láti fi wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà ní ọdún 2008, obìnrin 22 nínú 100 láàrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ni ó wúwo ju bí ó ti yẹ tàbí tí ó sanra kọjá ààlà. Nígbà tí ó di ọdún 2018, ó ti di 28. Bí owó ilé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye náà ń gòkè, ó sì pọ̀ ní ìgboro ju ìgbèríko lọ. Bódìjà àti Gbági nìyẹn nínú ìwé ìjọba. Ní ọdún 1989, Jeffery Sobal àti Albert Stunkard ṣe àkójọ ìwádìí 144 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n rí i pé ní àwọn ilẹ̀ tí kò tíì ní ọrọ̀ púpọ̀, àwọn tí ó rí jájẹ ni ó ń sanra, ọkùnrin àti obìnrin. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ọ̀rọ̀ náà dorí kodò, pàápàá jù lọ fún obìnrin: bí obìnrin bá ṣe tálákà tó ni ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí ó sanra jù. Carlos Monteiro, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú São Paulo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2004 pé bí ọrọ̀ orílẹ̀-èdè bá ṣe ń gòkè ni ẹrù ìsanra ń kúrò lọ́rùn olówó bọ́ sọ́rùn tálákà, àti pé ọrùn obìnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ibi tí gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi ti wá nìyẹn. Láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe òkun nìkan ni ó dá kọjá. Ó dá ìlà kan kọjá tí ìtumọ̀ ara ti yí padà, àwa tí a wà nílé kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ rẹ̀ kan bí ó ti sọ ọ́ fún mi. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ó ń jáde. Yóò wọ bọ́ọ̀sì méjì kí ó tó dé ilé. Yóò sùn fún wákàtí mẹ́rin, bí àwọn aládùúgbò kò bá pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kan kí ó tó padà sí ilé àwọn arúgbó. Ẹni tí kò bá sùn tó, ebi ẹ̀tàn a máa pa á: èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sọ fún ọpọlọ pé "ó tó" a dín kù, èyí tí ó ń ké pé "fún mi sí i" a pọ̀ sí i. Nígbà tí irú ebi bẹ́ẹ̀ bá mú un ní ìdúró bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìsọ̀ adìyẹ díndín àti ọ̀dùnkún díndín ni ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní àdúgbò àwọn tálákà ni irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Owó díẹ̀, yóò yó, yóò sì gbóná. Iṣu àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà ní Peckham, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé wọn dé, owó wọn sì wúwo. Yàtọ̀ sí owó, ta ni yóò gún iṣu lẹ́yìn iṣẹ́ méjì?

Àwọn àgbà ní, bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí ni mo fi dàgbà, n kò sì rò ó wò rí pé ìlú kan lè wà tí ebi yóò kúrò nínú ìṣẹ́, tí ìṣẹ́ kò sì ní í bùṣe. Ní ìlú tí ẹ̀rọ ti ń ṣe oúnjẹ olóròóró àti oníṣúgà jáde tí ó fi di ọ̀pọ̀, ohun tí ó wọ́n kì í ṣe oúnjẹ mọ́. Oorun ni ó wọ́n. Àkókò ni ó wọ́n. Èso tútù àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó wọ́n. Ẹni tí ó lówó ni ó ń rà wọ́n, òun ni ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ wo ìṣirò kan tí kò jẹ́ kí n sùn. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019, ní àdúgbò tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù jù, obìnrin 22 nínú 100 ni ó sanra kọjá ààlà. Ọkùnrin náà, 22. Wọ́n dọ́gba. Ní àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, ti ọkùnrin di 30, ti obìnrin di 39. Ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 2011 sí 2014, nínú ìdílé tí owó wọn kéré jù, obìnrin 45.2 nínú 100 ni ó sanra kọjá ààlà. Nínú ìdílé tí owó wọn pọ̀ jù, 29.7 ni. Ti ọkùnrin ńkọ́? 31.5 nínú ìdílé tálákà, 32.6 nínú ìdílé olówó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀. Ìṣẹ́ kan náà, ilé kan náà, ara obìnrin ni ó ń kọ ọ́ sí.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ obìnrin? Kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2016, obìnrin 41 nínú 100 ni ó sanra kọjá ààlà, ọkùnrin 11 péré. Ní gbogbo ayé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 504 obìnrin ni ó wà nínú rẹ̀ sí mílíọ̀nù 374 ọkùnrin. Ìdí kan wà nínú ẹ̀dá: oyún a máa fi ẹran kún ara, ọ̀pọ̀ kì í sì í rí i gbé sọ̀ kalẹ̀ kí oyún mìíràn tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá nìkan kọ́. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, láràárọ̀ Sátidé, àwọn ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá. Èmi náà a máa lọ. Ní àkókò yẹn, àwọn ìyàwó wa wà ní ìdí ààrò, wọ́n wà ní ọjà, wọ́n ń fọ aṣọ ilé-ìwé ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú láti máa sáré ní ìdájí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó jáwọ́, nítorí ohun tí àwọn ọkùnrin ń sọ sí i lójú títì.

Ìdí mìíràn wà tí ó jẹ́ iṣẹ́ èdè. Èdè Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin nínú arọ́pò-orúkọ. "Ó" ni gbogbo wa. Mo máa ń fi èyí yangàn ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ náà sá pamọ́ sí. Omidan tí ó bá sanra, òróbó ni wọn yóò máa pè é ní ìgboro, wọn yóò sì máa bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ ti yọjú. Bí obìnrin kan náà bá lọ sí ilé ọkọ tí ó sì rù, wọn yóò ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ ti di ìwé ẹ̀rí ọkọ. Kí ó tó lọ́kọ, ó sanra jù; lẹ́yìn tí ó lọ́kọ, kò gbọdọ̀ rù. Ìgbà wo ni ara náà jẹ́ tirẹ̀?

Èmi ńkọ́? Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ikùn mi ti ń ṣíwájú mi wọ kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó pè mí ní òróbó rí. "Ọ̀gá" ni wọ́n ń pè mí. Télọ̀ tí ó ń rán aṣọ mi ní, "Ẹ ti ń di ẹni ńlá, Dókítà," ó sì bu ọ̀pá aṣọ kan lé e. Ìyìn yìí náà kì í ṣe oore. Ọ̀rá tí ó bá kó sí ikùn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó sì ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń kí wọn kú oríire. Ẹ̀gàn ni ó ń pa obìnrin lára, ìyìn ni ó ń pa ọkùnrin lára.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé, "Olùkọ́, ṣé kì í ṣe ẹnu ẹni ni a fi ń jẹun ni?" Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò sọ pé ẹlòmíràn ni ó jẹ adìyẹ náà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ẹni ni a fi ń bu oúnjẹ, kì í ṣe ọwọ́ ẹni nìkan ni ó gbé oúnjẹ náà wá síwájú ẹni, tí ó sì kó oorun lọ. Ẹ̀gàn kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní òkè òkun, obìnrin tí ó sanra a máa rí i pé iṣẹ́ tí ó lówó lórí ṣòro fún òun láti rí ju fún ọkùnrin tí ó sanra lọ. Báyìí ni ìṣẹ́ ń bí ìsanra, tí ìsanra náà ń padà bí ìṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀gbọ́n mi dé ni a sọ fún ìyá wa. Ìyá ti gbé àmàlà sílẹ̀, òkìtì méjì, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ní, "Ta ni ó fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ òun wá kí òun, ó sì rù padà? Bí o bá rù, wọn á ní àìsàn ni." Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Ìyá mi, ẹ máa bínú. Àìsàn ni. Àtọ̀gbẹ ni." Ìyá mi dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ kan wà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí àrùn náà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Ó fà abọ́ náà sọ́dọ̀, ó mú òkìtì kan kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbé e síwájú mi. Ó ní, "Ìwọ jẹ ẹ́. Ọkùnrin ni ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi wo ikùn mi, ó wo ojú mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa náà wo ikùn mi, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó gbé àmàlà náà padà sínú ìkòkò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a máa lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá "àsanrajù". Ó tẹ̀ lé òfin èdè, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹbí rẹ̀: àṣejù, àjẹjù, àmujù, àsọjù. Gbogbo wọn ni ó ń na ìka sí ẹni tí ó hùwà kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ "àsanrajù" yóò ti dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́. "Ìsanrajù" ni mo fẹ́ràn, nítorí pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" lè jẹ́ kí a sọ ipò tí ara wà láìfi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó ni ara. Ohun kékeré ni, mo gbà, kò sì lè dín iye owó ẹ̀fọ́ kù ní Peckham tàbí kí ó mú kí ilé iṣẹ́ kan san owó tí yóò tó obìnrin láti fi iṣẹ́ kejì sílẹ̀. Àwọn tí ó ní àṣẹ lórí owó iṣẹ́, lórí ọjà àti lórí ọ̀nà tí obìnrin lè rìn láìsí ìyọlẹ́nu ni ó ni ìyókù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi.

Mo tún ti yí ìkíni mi padà. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi àwòrán ránṣẹ́, ara rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá. Ní báyìí, láràárọ̀ Sunday, tí ó jẹ́ ọjọ́ tí ó ń sinmi, mo máa ń pè é, mo sì máa ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí oorun sùn?" Nígbà mìíràn yóò ní, "Wákàtí méje." Nígbà mìíràn yóò kàn kẹ́dùn. Ìdáhùn yẹn ni ó ń sọ fún mi bí ara rẹ̀ ti sàn tó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni yín bá ti ìrìn àjò dé, ẹ bi í léèrè bí ó ti sùn sí kí ẹ tó wọn ara rẹ̀ lójú. Ó di ìgbà mìíràn o. Kí ara ó le fún gbogbo wa.